Iṣẹ́ Aṣọ́lé: Bí Mo Ṣe Lo Ayé Mi Láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Bùdó Ogun

Láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá ni àwọn ọmọbìnrin inú ilé yìí ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n sọ irú iṣẹ́ tí mo ṣe tí mo fi dàgbà. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ máa ta aṣọ. Èkejì kò tíì mọ ohun tó fẹ́, ó kàn mọ̀ pé òun kò fẹ́ máa yan ẹja bí ìyá òun. N kò bá a wí. Èmi náà kò fẹ́ yan ẹja nígbà tí mo wà bíi tirẹ̀. Orúnkún mi kò jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ mọ́, àwọn ìyàwó ọmọ mi ló ń lọ sí Èjìnrìn lọ́jọ́ ọjà báyìí, nítorí náà àyè gbà mí. Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ gbọ́ tèmi, kí ẹ wá fi wé ohun tó wà lọ́kàn yín.

Aṣọ́lé ni wọ́n ń pè wá ní Ẹ̀pẹ́. Ilé àwọn ọmọ ogun ni à ń ṣọ́. Bí ọkùnrin bá fẹ́ lọ sógun, àwa ni à ń jókòó ti òun àti ìyàwó rẹ̀ kó tó lọ. Bó bá lọ tán, àwa ni à ń gbé oúnjẹ, aṣọ àti ọ̀rọ̀ lọ bá a ní bùdó, tí a sì ń gbé tirẹ̀ bọ̀ wálé. Bí ogun bá parí, àwa náà ni à ń bá a wá ohun mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tó gbé ìbọn nìkan ló lọ sógun. Kí wọ́n lọ bi ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ Èkó ni mí. Mo ṣì kéré nígbà tí wọ́n lé ọba wa kúrò ní Èkó, tí àwọn èèyàn rẹ̀ kó wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé e wá sí Ẹ̀pẹ́. Ohun tí mo rántí nínú ìrìn àjò náà kò ju pé ìyá mi gbé ẹní kan lé mi lọ́wọ́, ó ní bí mo bá jẹ́ kó bọ́ sómi, orí ilẹ̀ lásán ni gbogbo wa máa sùn. Mo di ẹní náà mú bí ẹni di ẹ̀mí ara rẹ̀ mú. Àwọn onílùú gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún wa nílẹ̀, a kọ́lé. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wa kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ogun lọ. Wọn kò mọ oko, wọn kò mọ odò. Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n sì ń bọ̀, ìgbà mìíràn wọn kì í bọ̀.

Ìyá Àlímọ̀ ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Obìnrin tínrín ni, ó dúdú, kì í jókòó tẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ bá ogun lọ nígbà tí a ṣì wà ní Èkó, kò sì padà. Kò sẹ́ni tó wá sọ ibi tó ṣubú sí, kò sẹ́ni tó mú nǹkan kan wá fún un. Títí ó fi darúgbó kò mọ ọjọ́ tí òun di opó. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé òun máa ń se oúnjẹ ọkọ náà sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, títí òun fi kó wá sí Ẹ̀pẹ́ níbí. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ fi le, ìyẹn ni.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gba àlàyé. Ìyá mi mú mi lọ bá a, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kí n lọ pọnmi. Ní ti owó, a jẹun, a wọṣọ, àwọn olórí ogun kò gbàgbé wa. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tí Ìyá Àlímọ̀ kọ́kọ́ kọ́ mi ni bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀. Ìyàwó kan á sọ ohun tó fẹ́ kí ọkọ òun gbọ́, ọ̀gá mi á ní kí n tún un sọ. Bí mo bá sọ ọ́ tán, á rán mi lọ sódò. Bí mo bá dé, á ní kí n tún un sọ. Á ní kí n lọ lọ ata, á tún bi mí pẹ̀lú ata lójú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ló ń bèèrè. Bí obìnrin náà bá fi ẹ̀rín sọ ọ́, ẹ̀rín ni kí n fi sọ ọ́. Bó bá dákẹ́ díẹ̀ láàárín, èmi náà gbọ́dọ̀ dákẹ́ níbẹ̀. Ó ní àwọn ọkùnrin tó wà ní bùdó ń fi etí wọn jẹun ju ẹnu lọ.

Ọmọbìnrin kan wà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n rán an sí ọkùnrin kan pé ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, kò jẹun. Nígbà tó débẹ̀ tó rí bí ọkùnrin náà ṣe ń yọ̀ pé ìròyìn ilé dé, àánú ṣe é, ó ní ara ọmọ ti ń yá díẹ̀díẹ̀. Ìyá Àlímọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Kò nà án, kò bú u. Ó ní kó padà wọ ọkọ̀, kó lọ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe rán an. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, omi ń ru, ọmọbìnrin náà ń sunkún. Ó lọ. Ọ̀gá wa dúró ní èbúté títí ojú wa kò fi tó ọkọ̀ náà mọ́, ó wá kọjú sí àwa yòókù.

“Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ lẹ gbé dání,” ó ní. “Bí ẹ bá bù nínú ẹ̀, tàbí ẹ fi tiyín kún un, olè ni yín.”

Ìjókòó àtilọ ni àwọn ọkùnrin kórìíra jù nínú iṣẹ́ wa. Kí ọmọ ogun tó lọ, Ìyá Àlímọ̀ á pe òun, ìyàwó rẹ̀ àti àgbà ilé wọn jọ, á wá máa bi í ní ìbéèrè. Bí òrùlé bá ń jò, ta ló máa tún un ṣe? Bí àìsàn bá kọlu ọmọ, ta ni kí ìyàwó ké sí? Ọkọ̀ rẹ ńkọ́, ọwọ́ ta lo fi í sí? Ọkùnrin gbọ́dọ̀ dáhùn sókè, kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, kí àgbà ilé gbọ́, kí àwa náà tọ́jú rẹ̀ sórí. Ọkùnrin kan bínú, ó ní ṣé Ìyá Àlímọ̀ fẹ́ pín ogún òun nígbà tí òun ṣì ń mí ni. Ìyá Àlímọ̀ wò ó sùn-ùn.

“Mi ò sọ pé wàá kú,” ó ní. “Mo ní òjò máa rọ̀.”

Àwọn òfin mìíràn wà tí kò fi ṣeré. A kì í sọ ìròyìn ní èbúté, ì báà ṣe ìròyìn ayọ̀. Bí a bá ti sọ̀ nínú ọkọ̀, ẹnu wa gbọ́dọ̀ pa dé títí a ó fi dé ilé tí wọ́n rán wa sí. Àgbà ilé ni à ń kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, kì í ṣe ìyàwó, kí ìyàwó má baà dá nìkan wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù ilé ara rẹ̀. Bí ọkọ rẹ bá wà ní bùdó, ẹlòmíràn ló máa gbé tirẹ̀.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù lọ ni ti obì. Ní tiwa, bí ọkùnrin bá kú sógun tí wọn kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, aṣọ àti fìlà rẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń kó wá. Àwọn ará ilé á fi ṣàdúrà, ìyàwó á sì wọ tákàbà, ìyẹn aṣọ ọ̀fọ̀ opó. Gbogbo ayé ló mọ èyí. Àmọ́ alààyè náà ń wọ aṣọ, aṣọ rẹ̀ ń ya, ó sì ń fẹ́ kí wọ́n bá òun rán an nílé. Ìyá Àlímọ̀ wá fi àmì kan sí i. Alààyè tó bá ń fi aṣọ ránṣẹ́ á mú awẹ́ obì kan, á gé ìdajì jẹ lójú ẹni tó fẹ́ gbé e, á sì di ìdajì yòókù mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ náà. Bí ìyàwó bá gba aṣọ, ìṣẹ́tí ló ń kọ́kọ́ tú. Bó bá rí obì, á jẹ ẹ́ kó tó ráyè kí wa. Bí kò bá rí i, kò sẹ́ni tó ní láti sọ nǹkan kan fún un. Mo ti rí obìnrin tó na aṣọ náà padà sí mi pé kí n bá òun tú u.

Ọ̀pá ni wọ́n fi ń tukọ̀ wa nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, agbọ̀n tí a fi ewé tẹ́ nínú la sì ń kó gàrí, àádùn àti ẹja gbígbẹ sí. Bí omi bá ta sí i, ìyà dé. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́kọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìgbòkun kí afẹ́fẹ́ lè gbé ọkọ̀ lọ, àpò ìdọ̀họ sì dé láti Èkó, ó rọrùn, ó gba nǹkan. Ìyá Àlímọ̀ kò fẹ́ràn àpò náà rárá. Ó ní agbọ̀n ń jẹ́ kí oúnjẹ mí. Okùn la fi ń dá ẹrù ilé kọ̀ọ̀kan mọ̀ tẹ́lẹ̀, kókó tí ilé kan ń ta yàtọ̀ sí ti èkejì. Nígbà tí aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi pọ̀ lọ́jà, èmi ló sọ pé ká máa fi ègé aṣọ dá a mọ̀. Ó kọ̀, ó tún gbà, ó sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun ló ronú rẹ̀. N kò bá a jiyàn. Ọ̀gá mi ni.

Ẹ má bi mí bí ọkọ mi ṣe fẹ́ mi. Sùnmọ́lá lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, èmi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ó ga, ó rẹwà díẹ̀, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé odò wà láàárín òun àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. A bí ọmọkùnrin kan, Ràfíù, a tún bí obìnrin. Ìbọn ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n.

Ọdún tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún àwọn ẹlòmíràn yí ojú sí mi. Àwọn ọmọ ogun kan láti Ẹ̀pẹ́ lọ ran Ìkòròdú lọ́wọ́, ọkọ mi sì wà lára wọn. Ìyá Àlímọ̀ jókòó tì wá kó tó lọ, kò fi ti pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni mí ṣe. Bàbá Súlè, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ àgbà ilé, wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òrùlé àti àìsàn, ọ̀gá mi bi ọkọ mi pé bí kò bá dé mọ́, kí ni kí ilé ṣe nípa èmi. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa dé. Ìyá Àlímọ̀ ní ohun tí òun bi í kọ́ nìyẹn. Ọkọ mi wá ní kí wọ́n ṣe é bí ilé ṣe ń ṣe é. Bí ilé sì ṣe ń ṣe é ni pé àbúrò ọkọ ló máa ṣú opó.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní. Adúmáadán ni mo ń pè é, nítorí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, àwọ̀ rẹ̀ sì ń dán bí ẹni tó fi àdín para. Ọ̀dọ́kùnrin onítìjú ni, èmi ni mo ń bu oúnjẹ fún un láti ọjọ́ tí mo ti wọlé. Mo wò ó lọ́jọ́ náà, òun náà wò mí, àwa méjèèjì sì yára wo ibòmíràn.

Ogun náà le. Kò sí ọ̀nà orí ilẹ̀, omi nìkan la lè gbà dé Ìkòròdú, nígbà tó yá àwọn ìjòyè ní kí obìnrin kankan má gba omi náà lọ mọ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ọta ìbọn ń dé ẹ̀bá èbúté. Ìròyìn dá. Àwọn ìyàwó ń wá bi mí léèrè, mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ti Èjìnrìn dé, agbo ilé wa pa rọ́rọ́. Dàńṣíkí ọkọ mi àti fìlà rẹ̀ wà lórí ẹní níwájú ìyẹ̀wù Bàbá Súlè. Ìṣẹ́tí rẹ̀ ti tú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi nìkan ló wà nílé nígbà tí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ti èbúté wá, tó kó o lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ní ti Sùnmọ́lá ni, ó ní òun ń kánjú lọ sí Èjìnrìn, ó sì lọ. Ojú màmá kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ ló fi wá obì náà káàkiri aṣọ. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n bá mi sọ̀ ọ́.

Bàbá Súlè ránṣẹ́ sí àlùfáà. Wọ́n mú aṣọ tákàbà jáde, wọ́n ní kí n tú irun mi. Mo ní n kò ní wọ̀ ọ́. Ẹnu ya gbogbo wọn. Bàbá Súlè kì í ṣe òǹrorò, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀.

“Ìyàwó,” ó ní, “ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.”

Òótọ́ ni. Àwa la kọ́ gbogbo Ẹ̀pẹ́ pé aṣọ tí kò ní obì, aṣọ òkú ni. Wọ́n pe Ìyá Àlímọ̀, inú mi sì dùn, mo rò pé ó máa gbè mí. Ó mú aṣọ náà, ó yẹ ìṣẹ́tí rẹ̀ wò yíká, ó tún un ká, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní bí èmi aṣọ́lé bá kọ̀ ọ́, gbogbo obìnrin tí tirẹ̀ bá dé lọ́la ló máa kọ̀ ọ́, kò sì ní sí ẹni tó máa gba nǹkan kan gbọ́ lọ́wọ́ wa mọ́. Mo bínú débi pé mo gbàgbé ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀.

“Ta ló gbé e wá, Ìyá? Ta ló fà á lé ọkùnrin náà lọ́wọ́? Ṣé ó rí òkú?”

Ọ̀gá mi yíjú sí ìyá ọkọ mi, ó bi í ní gbogbo ohun tí ọkùnrin náà sọ, ó bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá sọ fún Bàbá Súlè pé ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pé, kí wọ́n bá òun dá àdúrà náà dúró, òun máa lọ sí Ìkòròdú. Bàbá Súlè ní kò ní ju ọjọ́ kẹjọ lọ, pé bó bá jẹ́ òótọ́ ni àbúrò òun ti kú, kò yẹ kí wọ́n máa fi àdúrà rẹ̀ falẹ̀. Mo ti dìde, mo ti ń wá gèlè mi.

“O ò ní lọ,” ọ̀gá mi ní. “Ilé ẹ ni. O ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n jókòó. Ìwọ náà jókòó.”

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Ara rẹ̀ kò le mọ́ nígbà náà, àwọn ìjòyè sì ní kí obìnrin má lọ, síbẹ̀ ó wọ ọkọ̀. N kò mọ ohun tó sọ fún wọn ní èbúté.

Mo jókòó. Ẹ̀yin ọmọ, n kò mọ iṣẹ́ mi títí di àkókò yẹn. Gbogbo àwọn obìnrin tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ fún wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ fún wọn gan-an ni wọ́n ń sọ fún mi, ó sì ń ṣe mí bíi kí n gbá wọn létí. Obìnrin kan wá tí kò sọ nǹkan kan. Ó kó àwọn ọmọ mi lọ wẹ̀, ó gbálẹ̀, ó se ìkọ́kọrẹ́, ó gbé e síwájú mi, ó sì lọ sílé rẹ̀. Òun nìkan ni mo ń retí lójoojúmọ́. Láti ìgbà náà, n kò sọ fún ìyàwó ọmọ ogun kankan mọ́ pé kó fọkàn balẹ̀. Mo máa ń bi í pé ọmọ rẹ̀ wo ni kí n bá a gbé.

Adúmáadán kò sún mọ́ ìyẹ̀wù mi. Èbúté ló ń wà láti àárọ̀, tó ń wo omi. Lọ́jọ́ kan ó wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Ìyá Ràfíù,” ó ní, “ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ yín.”

“Èmi náà ò fẹ́ yín,” mo ní.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹkún sì tẹ̀ lé e.

Ọkọ̀ Ìyá Àlímọ̀ dé lẹ́yìn ìrun àsárì, nígbà tí ọjọ́ tí Bàbá Súlè dá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Àwọn ọmọ sáré wá sọ fún wa. Wọ́n ní ó ti sọ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ọkùnrin kan tó dorí kodò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mo jáde sẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo rí i tó ń bọ̀, àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Ó gba iwájú mi kọjá, kò wò mí. Ó wọ ìyẹ̀wù Bàbá Súlè lọ pẹ̀lú ọkùnrin náà. Èmi náà ti rìn bẹ́ẹ̀ gba iwájú àwọn obìnrin kọjá láìmọye ìgbà, mo sì rò pé ọ̀wọ̀ ni mo fi ń wọ̀ wọ́n. Ìyá ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Obìnrin kan lẹ́yìn wa ti ń fọnkun.

Mo wá gbọ́ ẹ̀rín. Bàbá Súlè, tí kì í rẹ́rìn-ín nígbà ìkómọ pàápàá, ló ń rẹ́rìn-ín ní ìyẹ̀wù rẹ̀ tó fi ń wúkọ́.

Ará Rẹ́mọ ni ọkùnrin náà. Inú bùdó ní Ìkòròdú ni òun náà wà, wọ́n rán an lọ sí Èjìnrìn kó lọ ra ẹ̀tù ìbọn. Ọkọ mi gbọ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ máa kọ́kọ́ dé Ẹ̀pẹ́ kó tó padà sí Èjìnrìn, ó fún un ní dàńṣíkí tó ti ya léjìká àti fìlà tó fẹ́ kí a fọ̀, ó gé obì jẹ, ó di ìyókù mọ́ ìṣẹ́tí. Ọkùnrin náà kò mọ àṣà wa, kò sì fọkàn sí ohun tí ọkọ mi ń ṣe. Ìyá Àlímọ̀ mú un wá kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó dúró láàárín agbo ilé, ó ń wo ilẹ̀.

“Obì ni mo rí,” ó ní. “Mo rò pé ó gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ ni. Ebi ń pa mí lórí omi.”

Ọ̀gá mi wá jíṣẹ́ ọkọ mi. Ó mọ òfin ara rẹ̀, bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ ni kí a sọ ọ́. Obìnrin àgbà tínrín yìí fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó na ọrùn, ó sì pariwo bí ẹni tó wà ní òdìkejì odò.

“Ẹ bá mi rán èjìká aṣọ náà kó le! Kí Ìyá Ràfíù wo òrùlé ẹ̀yìnkùlé, ó ti ń jò kí n tó kúrò nílé!”

Ohùn rẹ̀ gan-an ni. Mo sunkún níwájú gbogbo ìlú, ojú kò tì mí. Ìyá ọkọ mi bu oúnjẹ fún ará Rẹ́mọ náà, ó ń bú u bó ṣe ń bù ú, nígbà tó jẹ ẹ́ tán ó tún bù ú. Lẹ́yìn èyí, Ìyá Àlímọ̀ fòpin sí ti obì. Ègé aṣọ tí a gé lára ìró ìyàwó ni a fi rọ́pò rẹ̀, èyí tí ọkọ ń mú lọ sógun. Ó ní kò sí ebi tó máa mú ẹnikẹ́ni jẹ ìyẹn.

Ogun Ìkòròdú parí, ọkọ mi wálé lódindi. Mo rò pé wàhálà mi ti tán. Kò tán. Ibi tí iṣẹ́ aṣọ́lé ti le jù lọ nìyẹn, nígbà tí ọkùnrin bá délé tí kò sì sí ohun tó ń ṣe. Ọkọ mi á jí, á nu ìbọn, á lọ sí èbúté lọ bèèrè bóyá ogun wà níbì kan. Á padà wálé, á máa jágbe mọ́ ọmọ. Ràfíù ń sá fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i lójú rẹ̀ pé ó máa lọ, kò ní í pẹ́, ì báà ṣe ogun ta ni. Ẹ̀rù bà mí ju ti ìgbà aṣọ náà lọ. Ìgbà yẹn, bùdó ló wà, ọkàn rẹ̀ sì wà nílé. Nígbà yìí, ilé ló wà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni mo ń bá àwọn ọkọ ọlọ́kọ wáṣẹ́, tó sì ń yọrí sí rere. Mo ti rí i pé ẹni tó ti ṣáájú ogun kì í lè kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kéré sí i, nítorí náà àwọn arúgbó tí agbára ti tán lára wọn ni mo máa ń mú wọn lọ bá. Wọ́n nílò ọwọ́ rẹ̀, òun náà nílò iṣẹ́ wọn. Mo fi ọ̀kan sọ́dọ̀ agbẹ́kọ̀, mo fi ọ̀kan sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé epo lọ sí Èjìnrìn. Mo mú ọkọ mi lọ sí oko, ó bá olóko jà. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn apẹja, wọ́n ní ariwo rẹ̀ ń lé ẹja. Mo lọ bá Ìyá Àlímọ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ dìde mọ́ nígbà náà, mo ní ó ti sú mi.

“Ilé ẹ ni,” ó ní. “Ta ló ní kí o gbé e? Gbé e fún mi.”

Ó ní kí wọ́n di òun lọ́wọ́ mú, ó sì mú ọkọ mi lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan, ọmọ onílùú, tó ń hun àwọ̀n. Etí bàbá yìí ti di, gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló ti sá fún un nítorí pé kì í gbọ́ wọn. Ó gbọ́ ọkọ mi. Ohùn tí a fi ń pàṣẹ lójú ogun ló gbọ́ ketekete, inú rẹ̀ sì dùn bí ọmọdé, ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá òun sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì á jókòó láti àárọ̀, ariwo wọn á gba àdúgbò kan. Ìyá Àlímọ̀ kú ní ọdún náà, a sin ín dáadáa, mo sì gba ipò rẹ̀. Mo ṣe é títí orúnkún fi dá mi dúró. Ó wù mí, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ọ̀kan nínú yín bá ní ọkàn láti gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìbù nínú rẹ̀, mo lè kọ́ ọ níṣẹ́ náà níhìn-ín tí mo jókòó sí.

Àmọ́ ọjọ́ kan wà tí n kò lè fi sílẹ̀ láìsọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, àkókò tí àwọn olórí ogun ń kó èèyàn jọ. Ọkọ mi wà níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀, àwọ̀n ńlá kan há sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń hun ún lọ. Ìránṣẹ́ olórí ogun dé. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ bó ṣe fi orúkọ tí wọ́n ń pè é lójú ogun kí i. Ó ní ìbọn tuntun wà, ẹ̀tù wà, àwọn máa ṣí ní ìdájí ọ̀la, olórí ogun sì ní bí kò bá sí ọkọ mi, òun kò mọ ẹni tó máa ṣáájú. Ọkọ mi fẹ́ràn kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mo mọ̀ ọ́n. Mo fọwọ́ bo ẹnu mi. Òfin wa kò jẹ́ kí n dá sí i, ilé mi ni.

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ta kókó kan, ó fà á le, ó tún ta òmíràn.

“Bá mi kí wọn,” ó ní. “Sọ fún wọn pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Ìránṣẹ́ náà dúró díẹ̀, bóyá ó rò pé ọkọ mi máa dìde. Kò dìde. Mo padà sẹ́yìnkùlé, mo gbé ìkòkò tó tóbi jù lọ nílé wa lé iná, mo sì se oúnjẹ tó pọ̀ ju wa lọ, tí mo fi ní láti máa pe àwọn ará àdúgbò wá jẹ ẹ́.